Ẹ Wo Ọwọ́ Ọmọ Kí Ẹ Tó Wo Ìwé Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí sọ ní Ìbàdàn nìyí, ní Sátidé tó ṣáájú ìwọlé sáà tuntun. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí òjò kò jẹ́ kí wọ́n lè wá.

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin òbí wa. Ẹ kú òjò, ẹ kú ẹrọ̀fọ̀ ọ̀nà. Ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ tẹ̀lé àwọn ọmọ yín wá, ẹ ṣeun púpọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, ọ̀dọ̀ irú yín ni mo ti rí i kí n tó rí i nínú ìwé.

Jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n ń pe irú ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Orúkọ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ti òbí ló ń sọ. Ọmọ ti jáde, ariwo dínkù, ìyá ráyè lọ sọ́jà, ilé sinmi. Kò sọ ohun tí ọmọ lọ ṣe níbi tó lọ. Òun ni mo fẹ́ sọ, nítorí mo mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ ó wá mú ọmọ lọ́sàn-án, ẹ ó tú báàgì rẹ̀ wò, ẹ ò ní bá ìwé tí wọ́n kọ A dé Z sí níbẹ̀, ẹ ò ní bá iṣẹ́ àṣetiléwá. Iyanrìn lẹ ó bá nínú bàtà rẹ̀. Ẹ ó bi í pé, "Kí lẹ ṣe lónìí?" Yóò ní, "A ṣeré." Ọkàn yín yóò kọ́kọ́ bàjẹ́. Owó ilé-ìwé kì í ṣe owó kékeré. Ẹ ó ní, ṣé eré tó lè ṣe lójúde wa lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo wá ń sanwó fún?

Ìbéèrè yẹn tọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mo fojú mi rí dáhùn.

Lábẹ́ igi máńgòrò tí ẹ ń wò yẹn, a máa ń tẹ́ ẹní kan síbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọjà wa. Agolo mílíìkì wà níbẹ̀, kóńgò kan wà níbẹ̀, igbá méjì, iyanrìn gbígbẹ tó dúró fún gàrí, ewé tó dúró fún ẹ̀fọ́, ìdérí ìgò mínírà tó dúró fún owó. Ní sáà tó kọjá, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún 5 ni ìyá oní-gàrí. Ọmọkùnrin kan wá rajà, ó ní agolo mẹ́rin ni òun fẹ́. Ọmọbìnrin náà wọ̀n ọ́n fún un, ó ń kà á sókè bó ṣe ń dà á sínú igbá. Ọmọkùnrin yẹn kò gbé igbá. Ó ní, "Ìyá oní-gàrí, ẹ fi ènì sí i." Ó fi ìka bu díẹ̀ sí i. Oníbàárà ní kò tó, pé ìyá òun kì í gba irú ènì báyẹn, pé agolo kan ni kó fi ṣe ènì. Ni ìyá oní-gàrí bá fi ọwọ́ lé ìbàdí. Ó ní tí òun bá fi odindi agolo kan sí i, ó ti di márùn-ún nìyẹn, kó yáa wá san owó agolo márùn-ún.

Ọmọkùnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀. Ìdérí mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ bù ú sí méjì."

Olùkọ́ wọn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹní, kò sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin yẹn bu iyanrìn sínú agolo, ó gbé e sókè, ó wò ó, ó dà díẹ̀ kúrò, ó tún wò ó. Ó fi han oníbàárà. Àwọn méjèèjì jọ tẹjú mọ́ ọn bóyá ó dé ìdajì lóòótọ́. Ìgbà tí wọ́n gbà pé ó dé ìdajì ni ó tó dà á sínú igbá. Olùkọ́ wá bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Gàrí agolo mélòó ló wá wà nínú igbá yẹn báyìí?" Wọ́n wo ara wọn. Ọmọkùnrin yẹn ló fèsì: "Mẹ́rin àti ààbọ̀."

Ẹ̀yin òbí mi, ọmọ ọdún 4 ni wọ́n. Tí mo bá kọ ọ́ sí pátákó fún wọn pé mẹ́rin àti ààbọ̀, wọn ì bá kà á tẹ̀lé mi bí ẹyẹ ayékòótọ́, wọn ì bá sì gbàgbé rẹ̀ kí wọ́n tó délé. Èyí kò lè kúrò nínú wọn, nítorí pé wọ́n jà fún un. Wọ́n kà, wọ́n wọ̀n, wọ́n ro ohun tó wà lọ́wọ́ wọn mọ́ ohun tí wọ́n ń fẹ́, wọ́n ná ọjà láìfa ara wọn láṣọ ya. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ binú lọ, ó mú sùúrù. Mo mọ àgbàlagbà tí kò tíì lè ṣe ìyẹn.

Ẹ tún fetí sí èdè tí wọ́n fi ná ọjà náà. Lédè Yorùbá, bí a bá ka nǹkan kọjá ẹ̀rìnlá, a ò ní í máa fi kún un mọ́, ogún ni a ó ti máa wò lókèèrè. Ẹ̀ẹ́dógún, márùn-ún ló dín nínú ogún. Ẹ̀rìndínlógún, mẹ́rin ló dín. Ọmọ tó to ìdérí ogún sílẹ̀, tó mú mẹ́rin kúrò, tó wá ka ìyókù tó bá mẹ́rìndínlógún, á rí i pé orúkọ nọ́ńbà yẹn ti sọ ìṣirò náà fún òun tẹ́lẹ̀. Mo ti rí ojú ọmọ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ yé e. Inú mi kì í gba ayọ̀ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tí a kì í fi í dá ọmọ lẹ́kun Yorùbá níbí, tí a kì í sì í gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba àwọn kan nínú yín nítorí Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Fún ọdún mẹ́fà gbáko, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ yòókù. Wọ́n ya Gẹ̀ẹ́sì sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, wọ́n sì fi í lé olùkọ́ tó gbọ́ ọ dáadáa lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù, Gẹ̀ẹ́sì wọn náà kò sì kẹ́yìn. Àwa náà ń sọ ìtàn ní Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ìjà lórí ènì, èdè ilé ni ọmọ fi ń jà á.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò rọrùn fún mi láti sọ, ṣùgbọ́n ẹ tó ẹni tí mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún. Ṣáájú ibí yìí, mo ti ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwé kan tí ọmọ ọdún 3 ti ń kọ̀wé. Èmi náà ń kọ́ wọn. Mo máa ń di ọwọ́ ọmọ mú mọ́ pẹ́ńsù, n ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà, n ó fà á lọ fà á bọ̀ títí yóò fi jọ lẹ́tà. Ọmọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé bó bá ti rí ìwé lọ́wọ́ mi, yóò tọ̀ sára. Mo pè é ní ọ̀lẹ. Mo fi pankẹ́rẹ́ nà án lọ́wọ́, ọwọ́ kan náà tí mo fẹ́ kó fi kọ̀wé. Ìgbà tí mo wá kà nípa bí ara ọmọdé ṣe ń dàgbà ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Eegun kéékèèké 8 ló wà ní ọrùn ọwọ́ àgbàlagbà. Nígbà tí wọ́n bí ọmọ, kò sí èyí tó tíì di eegun líle nínú wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbó, èyí tó kẹ́yìn kì í sì í sábà bẹ̀rẹ̀ títí ọmọ yóò fi lé ní ọdún 7. Ọmọ yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe olóríkunkun. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì lè ṣe ni mo nà án fún. Ó ti di géńdé báyìí, mi ò sì mọ ibi tó wà kí n lè bẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ọwọ́ la fi ń bẹ̀rẹ̀. Amọ̀ wà lẹ́yìn ilé, àwọn ọmọ ń pò ó, wọ́n ń fún un, wọ́n ń fi í mọ ìkòkò àti ewúrẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ń fún kànrìnkàn inú omi. Wọ́n ń ṣa òkúta kúrò lára ẹ̀wà, àwọn tó ti lé ní ọdún 4 ń bó ẹ̀gúsí. Ẹ̀yin ìyá àgbà ń rẹ́rìn-ín, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ wo bí ọmọ ṣe ń di hóró ẹ̀gúsí mú: àtàǹpàkò níbí, ìka ìfábẹ̀lá níbí, ìka àárín gbé e ró lábẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni a ṣe ń di pẹ́ńsù mú. Ìyá ìyá mi kò mọ a yàtọ̀ sí b, ṣùgbọ́n nídìí àtẹ ẹ̀wà rẹ̀ ni ìka mi ti gbó, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ owó kíkà. (Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, a kì í jẹ́ kó sún mọ́ hóró tàbí ohunkóhun tó lè há a lọ́fun. Ibi amọ̀ àti omi ni tiwọn.)

Kì í ṣe ohun tuntun ni mo gbé dé. Ní ilé onílù, omele ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi lé ọmọ lọ́wọ́, yóò máa lù ú lẹ́yìn àwọn àgbà, ọjọ́ ìyáàlù ṣì ń bọ̀. Ní ilé amọ̀kòkò, amọ̀ tó bá ṣẹ́kù ni ti ọmọ, ìkòkò tó bá sì fi mọ, bó wọ́ bó tọ́, kò sẹ́ni tó ń nà án fún un. A mọ̀ pé bí iṣẹ́ ṣe ń wọ ọmọ lára nìyẹn. Ìgbà tí ìwé dé la gbàgbé.

KG tí gbogbo wa ń pè yìí, ọ̀rọ̀ Jámánì ni: Kindergarten, ọgbà àwọn ọmọdé. Friedrich Froebel, olùkọ́ kan ní ilẹ̀ Jámánì, ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ní 1840, lẹ́yìn tó ti dá ibi ìṣeré àwọn ọmọdé sílẹ̀ ní Blankenburg ní 1837. Bọ́ọ̀lù òwú, igi tí wọ́n gé ní onígun mẹ́rin, àti ilẹ̀ tí ọmọ lè gbin nǹkan sí ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ìjọba Prussia, ìjọba tó tóbi jù ní ilẹ̀ Jámánì nígbà náà, fòfin de irú ilé-ẹ̀kọ́ náà ní 1851. Froebel kú ní ọdún kejì, 1860 ni wọ́n tó ká òfin náà kúrò. Ó ń dùn mí pé orúkọ KG dé ọ̀dọ̀ wa, ọgbà kò bá a dé. Ẹ wọ ọ̀pọ̀ KG lónìí, àga, tábìlì àti pátákó lẹ ó bá, ọmọ 30 jókòó jẹ́ẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa fúnra rẹ̀ sọ pé eré ni kó jẹ́ olórí ọ̀nà tí a ó máa fi kọ́ ọmọ tó wà nírú ilé-ẹ̀kọ́ yìí, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sì ka eré mọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ.

Bàbá kan bi mí lẹ́nu géètì láàárọ̀ yìí pé, ṣé àwọn ọmọ tó ń kọ̀wé láti ọdún 3 kò ní í fi tòun sílẹ̀ lọ? Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi rántí bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ sílé-ìwé láyé ọjọ́sí. Na ọwọ́ ọ̀tún gba orí rẹ. Bí kò bá tíì kan etí òsì, padà sílé, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ tó wọlé nígbà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Olóyè Awólọ́wọ̀ ní 1955, etí ni wọ́n fi wọ̀n wọ́n. Wọn kò di pẹ́ńsù mú rí títí di ọjọ́ náà. Nínú wọn la ti rí adájọ́, dókítà àti ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní orílẹ̀-èdè Finland lónìí, ọdún tí ọmọ bá pé 7 ló ń bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń pe àwọn ará ibẹ̀ ní púrúǹtù.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Ypsilanti, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà. Láàárín 1962 sí 1967, wọ́n kó ọmọ adúláwọ̀ 123 jọ láti ilé àwọn aláìní. Àwọn 58 lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi kan tí ọmọ fúnra rẹ̀ ti ń sọ ohun tó fẹ́ ṣe, tí yóò ṣe é, tí yóò sì wá ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn 65 kò lọ. Wọ́n ń tọpa gbogbo wọn títí wọ́n fi di ẹni 40 ọdún. Nínú 100 àwọn tí kò lọ, 55 ni ọlọ́pàá ti mú tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú 100 àwọn tó lọ, 36 ni. Àwọn tó lọ ló jáde girama jù, àwọn ni owó tó ń wọlé fún wọn sàn jù. Ọdún kan tàbí méjì péré ni wọ́n lò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé èyí o: lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni olùkọ́ ń lọ sílé ọmọ kọ̀ọ̀kan, tó ń bá ìyá rẹ̀ jókòó fún wákàtí kan ààbọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ nìkan kọ́ ló ṣe é. Èmi kò ní olùkọ́ tí yóò tó láti máa wá sílé yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi pè yín wá síbí.

Àwa náà ń ṣe bí wọ́n ṣe ṣe. Láàárọ̀, kálukú á sọ ibi tó ń lọ: ọjà ni, amọ̀ ni, omi ni, ilé-ìdáná ni. Ẹni tó bá ní òun kò mọ ibi tí òun ń lọ, a kì í lé e, yóò jókòó ti olùkọ́ títí ọkàn rẹ̀ yóò fi yàn. Tí eré bá parí, a ó jókòó yíká, kálukú á ròyìn. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀! Olùkọ́ ń kọ ohun tó bá rí sílẹ̀ nípa ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìwé yẹn ni a ó máa fi hàn yín lóṣooṣù. Àwọn tó ti pé ọdún 5 ń ta ayò, ihò 12, ọmọ ayò 4 nínú ihò kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀, wọ́n sì ti ń mọ ibi tí wọn ó ta dé kí wọ́n tó kó o sọ́wọ́. Àwọn náà là ń fi lẹ́tà hàn. Inú iyanrìn ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi ìka kọ ọ́ sí, orúkọ ara wọn ló ń ṣáájú. Ọmọ tó bá fi ibí sílẹ̀ lọ sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè kọ orúkọ rẹ̀, ó lè sọ tẹnu rẹ̀, ó lè dúró de ẹlòmíràn kó sọ tirẹ̀ tán. Òbí tó bá fẹ́ kí ọmọ ọdún 3 máa kàwé, mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ibí kọ́ ni yóò ti rí i.

Aṣọ yóò dọ̀tí. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi yunifọ́ọ̀mù tó gún régé ránṣẹ́ sí wa, àlòkù ni kẹ́ ẹ wọ̀ fún un. Orúnkún yóò bó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, a ní oògùn níbí, a ó sì pè yín. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2019 pé ó yẹ kí ọmọ ọdún 3 àti 4 máa lo ara fún ó kéré tán wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, kí fóònù àti tẹlifíṣọ̀n má sì kọjá wákàtí kan. Tiwa la ó ṣe lágbàlá yìí. Ti fóònù, ọwọ́ yín ló wà.

Bí ẹ bá délé, ẹ má bi ọmọ pé "Kí lẹ kọ́?" mọ́. "A ṣeré" náà ni yóò máa wí. Ẹ bi í pé, "Ta lo bá tajà?" Ẹ bi í pé, "Ṣé ó fún ẹ ní ènì?" Ẹ wá jókòó, ẹ má kánjú, torí ìtàn yẹn máa ń gùn.

Mo ti sọ̀rọ̀ tó. Òjò ti dá, ẹní wà nílẹ̀ lábẹ́ máńgòrò, a ti gbọn omi kúrò lára rẹ̀. Ẹ bọ́ bàtà yín. Ìdérí mẹ́wàá ni ti òbí kọ̀ọ̀kan. Àwọn bàbá ni yóò tajà lónìí, àwọn ìyá ni yóò rà, àwọn ọmọ yóò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ máa wò yín. Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ bá wa ṣọ́ òṣùwọ̀n o, kí ẹnikẹ́ni má fi àbọ̀ agolo pe odindi.